Àpótí Ìjókòó Méyọ̀ Brozek

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó gbọ́ ìtàn yìí, kí oníkálukú sì rántí ibi tó jókòó sí. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ yóò yé yín kó tó di òpin. Ní Brackley, ìlú etí odò tí òtútù ti ń já ewé lórí igi tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já etí lára ènìyàn, ìjókòó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Thaddeus Brozek ni Méyọ̀ ìlú náà nígbà tí mò ń wí yìí. Ọkùnrin gíga ni. Ikùn rẹ̀ máa ń wọ yàrá ṣáájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń wọlé ṣáájú ikùn. Tó bá fẹ́ sọ fún yín pé ilẹ̀ ti mọ́, á ní, "Ẹ̀yin ará ìlú mi ọ̀wọ́n, lábẹ́ àkóso mi, oòrùn ti yọ." Ó ti ṣe Méyọ̀ fún sáà méjì, ìbò sáà kẹta sì ń bọ̀ ní oṣù kẹrin. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wù ú láyé: kí ó dúró lórí pèpéle gíga, kí ìlú máa hó yè-è, kí àwọn oníròyìn máa ya fọ́tò rẹ̀ bí yìnyín ṣe ń bà lé e léjìká díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tó ń bà lé ère. Ẹ má gbàgbé pèpéle yìí.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ọ̀run lójú ará Brackley: àwọn Alágbẹ̀dẹ, tí jẹ́sì wọn jẹ́ dúdú àti àwọ̀ ọsàn. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tì kiri o. Èyí tó rí bí ẹyin ni, tí àwọn géńdé tó dé akoto ń gbá mọ́ àyà, tí àwọn géńdé mìíràn sì ń wó lù wọ́n nítorí rẹ̀. Bí oṣù kìíní bá ti wọlé, ìdíje á di kan-mọ́-kàn: ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn tí orí wọn pé láti ìgbà ìrúwé títí dé ọjọ́ ọdún Kérésì á wá máa ṣe bí ẹni tí wọ́n sà sí. Wọn kì í fọ jẹ́sì tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá ń họ orí nígbà tí ẹgbẹ́ gbé bọ́ọ̀lù wọlé, kò gbọdọ̀ dáwọ́ orí híhọ dúró títí rẹfirí á fi fọn fèrè ìkẹyìn. Lékè gbogbo rẹ̀, ibi tó o jókòó sí nígbà tí ẹgbẹ́ jẹ, ibẹ̀ náà lo gbọdọ̀ jókòó sí nígbà mìíràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ní tiyín.

Ìyá Méyọ̀, Wanda Brozek, ìyá arúgbó tí egungun rẹ̀ ti gbẹ tí ahọ́n rẹ̀ kò sì tíì gbẹ, ni olórí ẹ̀sìn ìjókòó yìí. Orí Òkè Kiln ni ilé rẹ̀ wà, yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Òun ló ń pín ibi tí kálukú ń jókòó sí. Darnell Sykes, aládùúgbò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akóyìnyín ìlú, orí àtẹ̀gùn kẹta ni tirẹ̀. Milton Fenske, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, orí páálí ẹ̀rọ-ìfọṣọ ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní ọdún náà, Méyọ̀ pẹ́ kó tó dé nítorí ó ń sọ̀rọ̀ ìṣílé fún ṣọ́ọ̀bù onífìlà kan, nígbà tó sì dé, kò sí ibòmíràn mọ́ àfi àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amómigbóná. Ó jókòó sí i, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan etí òsì rẹ̀.

"Mẹ́rìnlélógún sí mẹ́tàdínlógún," ni Méyọ̀ sọ, apá adìẹ díndín kún un lẹ́nu. "A máa nà wọ́n ni."

"Teddy, ẹnu ẹ," ni ìyá rẹ̀ wí láìyíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Nínú ilé yìí, a kì í kí ìyá ọmọ kú ewu kó tó bí i."

Ìdíje parí. Mẹ́rìnlélógún sí mẹ́tàdínlógún, géérégé.

Milton Fenske dìde lórí páálí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Milton hàn yín: tí Méyọ̀ bá sín, Milton á ní òun ti ń retí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Ó wo Méyọ̀ lójú, omi ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá wa. Olóṣèlú ni mo rò pé mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Mi ò mọ̀ pé wòlíì ni."

"Ẹni tó bá ń sọ òkúta sínú òkùnkùn," ni Darnell wí lórí àtẹ̀gùn, "lọ́jọ́ kan, á ba nǹkan."

Ṣùgbọ́n Méyọ̀ kò gbọ́ èyí tí Darnell sọ. Èyí tí Milton sọ ló gbọ́. Ó gbé e délé, ó gbé e sùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó ti dàgbà nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún jókòó sórí àpótí, ó sì kéde pé ẹgbẹ́ á jẹ àmì mọ́kànlélógún. Wọ́n jẹ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì méjìlá péré ni wọ́n fi jẹ, àwọn tí wọ́n nà sì ní mẹ́wàá. Ìtìjú díẹ̀ fẹ́ mú Méyọ̀. Milton kò jẹ́ kó mú un.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Milton wí. "Tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà kọ ọ́, ọ̀gá rí méjì àti ẹyọ kan. Ẹyọ kan àti méjì ló wá. Inú dígí ni àwọn aríran ń wò, gbogbo ohun tó bá sì wà nínú dígí, òdìkejì ló máa ń wà. Kò tíì sí ẹni tó ríran tó ṣe kedere tó báyìí."

"Ẹ gbé e sílẹ̀ kí ó má baà já bọ́," ni Wanda wí. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá àwo apá adìẹ ló ń sọ ni, àbí ọmọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Ilé Ìgbìmọ̀ Brackley di ilé ìran. Méyọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n kun ìlà àárín títì ní dúdú àti àwọ̀ ọsàn, débi pé àwọn awakọ̀ kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa gbà mọ́. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "bóyá" nínú ilé ìgbìmọ̀ àti lórí rédíò ìlú títí ẹgbẹ́ á fi gba ife. Ọ̀gbẹ́ni tó ń sọ ipò ojú ọjọ́ lórí rédíò ìlú ní bóyá yìnyín máa bọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì pè é kó wá wí tẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin olùgbọ́, yìnyín á bọ́ tàbí kò ní bọ́. Méyọ̀ ló mọ̀ ọ́n." Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí ló ń fi ẹ̀rọ wo òfuurufú lójoojúmọ́, ó sì ti rí ohun kan tó ń bọ̀ láti orí adágún ńlá tó wà nítòsí ìlú, tó dúdú tó sì gùn. Ó pa ẹnu mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ wù ú.

Ìdíje tó kù ni èyí tó ṣáájú àṣekágbá. Àwọn Ìkookò, aláwọ̀ aró, ni wọ́n sì fẹ́ bá figa gbága. Ní Sorrel, ìlú tó wà ní òdìkejì odò, ọmọ ẹ̀yìn Ìkookò ni gbogbo ará ibẹ̀. Afárá kan ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Tí ènìyàn bá dín sọ́séèjì ní Sorrel, ará Brackley á gbọ́ òórùn rẹ̀.

Láìdúró de ìdíje, Méyọ̀ ní kí àwọn káfíńtà kan pèpéle ńlá kan sí iwájú ilé ìgbìmọ̀, igi páínì gidi, àtẹ̀gùn méje, fún ìwọ́de ìṣẹ́gun. Ó sì kéde fún gbogbo ìlú: "Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́gun, kí kálukú gbé àga síta sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì Òpópónà Broad, kí ẹ lè jókòó wò mí bí mo ṣe ń kọjá."

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbi àga yìí. Ní Brackley, àga kì í dédé wà lójú títì. Nígbà tí yìnyín bá bo ìlú, tí ènìyàn bá fi ṣọ́bìrì wa ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa dúró sí iwájú ilé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, á gbé àga kan sáàárín ibẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Àga yẹn ń sọ pé: èmi ni mo gbẹ́ ibí, má dá a láṣà. Olè máa ń jí ọkọ̀ ní Brackley lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí olè tó tíì sún irú àga bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, Méyọ̀ wà lórí rédíò pẹ̀lú Méyọ̀ Sorrel, Gwen Halvorsen. Dókítà màlúù ni obìnrin yìí tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ta òun nígbàkigbà. Àṣà àwọn Méyọ̀ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fi oúnjẹ ìlú wọn ta tẹ́tẹ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Méyọ̀ Brozek," ni Gwen wí. "Ṣé bá a ṣe máa ń ṣe é náà ni? Tẹ́ ẹ bá nà wá, màá kó ẹja yíyan ránṣẹ́ sí yín. Tá a bá nà yín, ẹ fi kéèkì yín ránṣẹ́. Ọkọ mi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

"Ẹja?" ni Méyọ̀ wí. "Kí èmi Thaddeus Brozek jókòó sórí rédíò, kí n máa ta tẹ́tẹ́ ẹja? Màdáámù, àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ló ń fi oúnjẹ ta tẹ́tẹ́. Ọkọ̀ akóyìnyín ìlú mi ni mo fi sílẹ̀. Èyí tuntun, tí abẹ iwájú ẹ̀ fẹ̀ ju pálọ̀ yín lọ."

Wọ́n gbọ́ bí olóòtú rédíò ṣe dá itọ́ mì.

"Méyọ̀," ni Gwen wí, "oṣù kìíní la wà o."

"Mo mọ oṣù tá a wà."

"Odò kan náà ló wà láàárín wa. Yìnyín tó bá bọ́ lé wa, ó máa bọ́ lé yín."

"Kò ní bọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi."

Gwen mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún un kó lè gba ibẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ojú tì í, ó wá dá àpárá kan tó rò pé kò sí àgbàlagbà tó máa gbà. "Ó dáa. Tá a bá pàdánù, ẹ gba ọkọ̀ ojú omi wa títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Tẹ́ ẹ bá pàdánù, a ó kun ọkọ̀ yín ní àwọ̀ aró, á sì wà lọ́dọ̀ wa títí yìnyín á fi tán. Ẹ̀yin fúnra yín á wá wọ jẹ́sì wa, ẹ ó jókòó sínú ọkọ̀ náà, ẹ ó sì yí gbogbo ìlú yín ká."

"Mo gbà," ni Méyọ̀ wí kíá, bí ẹja tó rí kòkòrò tí kò rí ìwọ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ sí i. Darnell nìkan ló wọlé pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó kún fún iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì kó má baà máa yọ̀, ó ní, "Ẹ dákun, ọ̀gá, tí yìnyín bá wá ńkọ́? Òkè Kiln yẹn, ọkọ̀ epo tó ń gbé epo ìmúlégbóná wá fún àwọn arúgbó ò lè gùn ún tí mi ò bá kọ́kọ́ là á."

"Arákùnrin Sykes," ni Milton wí, "ìbéèrè yẹn ní bóyá nínú."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó rú òfin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ìdíje, Wanda pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Teddy, aago mélòó lò ń bọ̀?"

"Màámi, mi ò lè wá lónìí. Ilé ìgbìmọ̀ la ti fẹ́ wò ó. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá wá, gbogbo ìlú ló ń bọ̀. Wọ́n ti gbé àga kan tí wọ́n fi aṣọ àrán bò sórí pèpéle inú gbọ̀ngàn fún mi."

"Àpótí ẹ ńkọ́?"

"Màámi, Méyọ̀ kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amómigbóná."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo jókòó sí i, ẹ̀ẹ̀mejì la jẹ. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó o wá bí ọmọ. Wá bí ìdí tó ń jókòó."

"Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ gbé ìrọ̀rí lé e."

"Ìrọ̀rí," ni Wanda wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ nírọ̀lẹ́ náà. Méyọ̀ sọ̀rọ̀ ìṣáájú tó gùn débi pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje kó tó dé ibi "ẹ̀yin ará ìlú mi ọ̀wọ́n" ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní ẹgbẹ́ á fi àmì ogójì jẹ. Ó jókòó sórí àrán. Níbi tó ga sí yẹn, ó rò pé inú fọ́tò lòun wà.

Nǹkan kò lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Ìkookò gbé bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún gbé e wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje wọ ìdámẹ́rin ìkẹyìn, àwọn Alágbẹ̀dẹ ti wà lẹ́yìn, gbọ̀ngàn sì ti dákẹ́ bí ilé ìwé lọ́jọ́ ìsinmi. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọkùnrin kan lẹ́yìn ti béèrè, kò tilẹ̀ pariwo, ó kàn béèrè ni:

"Ta ló jókòó sórí àpótí?"

Ọ̀rọ̀ náà rìn láti orí ìlà àga kan sí èkejì. Gbogbo ìlú ló mọ àpótí náà. Orí yí padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ojú fi wà lára Méyọ̀ lórí àga àrán rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Milton wí sí i létí, "ilé Màmá ò jìnnà. Darnell ti tan ọkọ̀. Ẹ kàn sáré dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó, ó tán."

"Milton, kúrò létí mi."

"Ẹ dákun, Méyọ̀," ni obìnrin kan wí níwájú. "Mo ní ọmọ mẹ́ta. Látìgbà tí wọ́n ti bí wọn, wọn ò tíì rí ife rí. Ẹ lọ jókòó."

"Ẹ lọ jókòó," ni àwọn ènìyàn ń wí. Wọn kò bínú nígbà yẹn. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Tó bá ti dìde nígbà náà, tó sáré gun òkè náà tòun ti ikùn rẹ̀, mo fi dá yín lójú pé ì bá ṣì máa ṣe Méyọ̀ títí dòní, ẹgbẹ́ ì báà jẹ, ẹgbẹ́ ì báà má jẹ.

Ó dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti sọ̀rọ̀ ni. "Ẹ̀yin ará ìlú mi," ló wí, "ṣé ìdí mi ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, bí ẹ bá rò ó. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí sọ láti ọjọ́ tó ti dé orí oyè, mo rò pé èyí nìkan ló jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé. Òun ni wọn kò sì dárí rẹ̀ jì í.

Àwọn Alágbẹ̀dẹ sapá. Wọ́n bọ̀ sípò títí ó fi ku àmì méjì péré, ó wá ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó wá ku kí ọmọkùnrin agbábọ́ọ̀lù-sópòó wọn gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín òpó méjèèjì fún àmì mẹ́ta láti ibi tí kò jìnnà, ibi tó máa ń gbá a kọjá lójú oorun. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà gbéra, ó lọ tààrà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, ó rántí nǹkan mìíràn. Ó kọ lu òpó ọ̀tún. Gbọ̀n-ún. Ó já bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n dìde, wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù wọn, wọ́n sì ń kọjá níwájú pèpéle bí ẹni tó ń kọjá níwájú pósí. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn dúró, ó wo Méyọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dá ojú rẹ̀ dúró níbi tó fi ń jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, Darnell wa ọkọ̀ akóyìnyín kọjá lórí afárá. Ó rọra wà á, bí ẹni tó ń mú ẹran ilé lọ sọ́jà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohun dúdú gígùn tí ọkùnrin rédíò ti rí lórí adágún wọ ìlú. Yìnyín bọ́ lọ́sàn-án, ó bọ́ lóru. Ó bo ìlà títì, dúdú àti àwọ̀ ọsàn rẹ̀. Ó bo ọkọ̀ Méyọ̀ títí ó fi ku irin rédíò rẹ̀ nìkan tó yọ síta bí ìka ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ béèrè ìbéèrè. Ọkọ̀ epo kò lè gun Òkè Kiln, ilé àwọn arúgbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nígbà náà ni àwọn ará òkè fa ọmọlanke aláìnítáyà wọn lórí yìnyín sọ̀kalẹ̀ wá síwájú ilé ìgbìmọ̀, wọ́n tú pèpéle ìwọ́de ní pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó o lọ sínú ààrò wọn. Páínì gidi ni, ó jó dáadáa. Darnell ní Wanda fúnra rẹ̀ fi àtẹ̀gùn kẹrin sí keje se ọbẹ̀.

Nítorí ọkọ̀ kankan kò lè rìn, ilé ọtí tó wà nísàlẹ̀ òkè ni ìgbìmọ̀ ti pàdé, gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ìlú kún ibẹ̀. Méyọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ bá òun sọ, ó sì ti múra àwíjàre sílẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọkọ̀.

Milton Fenske ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ̀yin ará mi," ló wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ìjọ́sí, "láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tó rí mọ́kànlélógún tó jẹ́ pé méjìlá ló wá, mo sọ ọ́ lójú gbogbo yín pé òdìkejì ló ń rí. Ṣé ẹni tó ń rí nǹkan lódìkejì ló yẹ kó máa tukọ̀ ìlú? Mo dárí àwọn nǹkan mìíràn jì í. Ṣùgbọ́n àpótí. Ìyá ẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìlú bẹ̀ ẹ́. Èmi náà bẹ̀ ẹ́ létí. Ó kọ̀ láti jókòó."

"Ó kọ̀ láti jókòó," ni ilé ọtí dá a lóhùn.

Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n sì ní kó fi ipò sílẹ̀. Ọwọ́ Milton ló ga jù. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ bi mí pé: irú ènìyàn wo ló ń dárí ji ẹni tó fi ọkọ̀ wọn ta tẹ́tẹ́ nínú òtútù, tí kì í dárí ji ẹni tí kò jókòó sórí àpótí? Olùdìbò là ń pè wọ́n. Wọ́n wà níbi gbogbo.

Ọjọ́ kejì ni Gwen Halvorsen pe Darnell. "Tẹ́tẹ́ ní kí ọkùnrin yẹn fi ọkọ̀ náà yí ìlú ẹ̀ ká," ló wí. "Mi ò rí ibi tí tẹ́tẹ́ ti ní kí wọ́n gbé abẹ iwájú ẹ̀ sókè. Ẹ wá mú un. Ẹ má kánjú dá a padà."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ aláwọ̀ aró kọjá lórí afárá wọ Brackley, tí ó ń da yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú ẹni tó sùn. Darnell ló wà á. Thaddeus Brozek jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ jẹ́sì Ìkookò tó fún un níkùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí Darnell ti mọ̀ ọ́n, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n yà sí Òpópónà Broad. Thaddeus gbé ojú sókè. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àga ló tò lọ: àga ilé ìdáná, àga etíkun, àga ọ̀fíìsì tí táyà rẹ̀ kan ti yọ, àga gíga tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọdé. Ó ti gbé ìlú yẹn láti kékeré. Ó mọ ohun tí àga ń ṣe lójú títì nígbà yìnyín. Ṣùgbọ́n ohun tó wu ọkàn máa ń di ojú.

"Darnell," ló wí jẹ́ẹ́. "Wọ́n gbé àga síta."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Darnell ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ sí i jọ. Ó wò ó, ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ẹ̀n, ọ̀gá," ló wí. "Wọ́n gbé e síta."

Thaddeus yí gíláàsì sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí àwọn àga. Ó juwọ́ sí ọ̀tún, ó juwọ́ sí òsì. Ọkọ̀ epo ti tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé, lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ẹni tí yìnyín ti há mọ́lé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn ń fọn fèrè kí ọkọ̀ iwájú lè yára. Ó jọ ìwọ́de. Yìnyín díẹ̀ ṣì ń bọ́, ó ń bà lé e léjìká. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò.

Nígbà tí wọ́n gun Òkè Kiln dé òkè, Wanda wà níta pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó wọ jẹ́sì dúdú àti àwọ̀ ọsàn tí wọn kò tíì fọ̀ lórí ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó ti gbẹ́ iwájú ilé rẹ̀ mọ́. Láàárín ibi tó gbẹ́, àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló dúró níbẹ̀.

Thaddeus sọ̀kalẹ̀. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn.

"Àwọ̀ yẹn ò yẹ ẹ́," ni Wanda wí.

"Màámi, ta lẹ gba ibí sílẹ̀ fún?"

"Ẹnì kan tó yẹ kó ti wá lọ́jọ́ Àìkú."

Thaddeus wo àpótí náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀. Lójú ọkọ̀ epo, lójú àwọn ọmọ ilé ìwé, lójú gbogbo ọkọ̀ tó tò dé ìsàlẹ̀ òkè, ó jókòó sí i nínú jẹ́sì àwọn ọ̀tá, eékún rẹ̀ ga dé àyà. Fèrè ọkọ̀ dákẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Wanda jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá fi ṣọ́bìrì ti ògiri.

"Ó tó," ló wí. "Dìde, ọkọ̀ epo fẹ́ wọlé. Gbé e padà síbi ẹ̀rọ. Ọbẹ̀ ti jinná."

Thaddeus gbé àpótí mọ́ àyà bí bọ́ọ̀lù, ó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, àyà rẹ̀ ti tún ń wú díẹ̀díẹ̀.

"Màámi," ló wí, "lọ́dún tó ń bọ̀, a máa—"

"Teddy," ni Wanda wí. "Ẹnu ẹ."